Àjẹ́, Iwin àti Àwòrán Ẹ̀fẹ̀: Ta Ni À Ń Bá Wí?

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Bí ẹnu ti ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwòrán náà ń sọ ọ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó wo bí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń fi àwòrán àjẹ́ àti iwin bá àwùjọ wí.

Ọgbọ́n Iṣẹ́ Náà
Oníṣẹ́ ọnà a fi ìda bo àwo bàbà tàbí síńkì, a fi abẹ́rẹ́ fa àwòrán sí ìda náà, a sì rì í sínú ásíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ gbà ni ásíìdì ń jẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò nu ìda kúrò, yóò fi tàdáwà kún ibi tí ásíìdì ti jẹ, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Àwo kan ṣoṣo lè bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán. Ìdí nìyí tí ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ fi ń tètè tàn kálẹ̀.

Iṣẹ́ Goya
Ní 1799, Francisco Goya, ará Sípéènì, gbé 80 irú àwòrán yìí jáde. Ó pe àkójọ náà ní Los Caprichos. Nínú ọ̀kan, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni dókítà tó jókòó ti ẹni tó ń kú lọ. Nínú òmíràn, arúgbó àjẹ́ ń kọ́ ọ̀dọ́bìnrin bí a ti ń fi ọwọ̀ fò. Àwọn òpè àti àwọn tó ń fi ẹ̀rù jẹ gàba lé wọn lórí ni ó ń fi ṣẹ̀sín. Kò pẹ́ tó fi dá títà rẹ̀ dúró. Ní 1803, ó kó àwọn àwo náà fún ọba.

Ní Ilé Wa
Adámásingbà, tí kò jìnnà sí Dùgbẹ̀, ni ẹgbẹ́ Mbari ti bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, wà lára àwọn tó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ní 1967 ló bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n tirẹ̀, nínú èyí tí ásíìdì ń jẹ àwo jinlẹ̀. Ní 1968, òun ló ya àwòrán sínú ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà. Ẹ rántí Ẹ̀gbin inú ìwé náà, ọ̀bùn paraku. Ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín yóò yẹ ara tirẹ̀ wò.

Ìyàtọ̀ Tó Wà Níbẹ̀
Lójú tèmi, àṣìṣe ni kí a rò pé ohun kan náà ni àjẹ́ Goya àti tiwa. Níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, a ń júbà àwọn ìyá wa kí ẹ̀fẹ̀ tó bú oníwà ìbàjẹ́. Àjẹ́ ni Goya fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni tiwa ti ń gba àṣẹ kó tó fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Bí ayàwòrán bá ya ìyá arúgbó tó hunjọ, tó kọ àjẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ta ló bá wí? Aláìní tí kò lólùgbèjà ni. Ẹ̀fẹ̀ tó tọ́ ni èyí tó dojú kọ alágbára. Ẹ jẹ́ kí a máa fi ìbéèrè yìí dán gbogbo àwòrán wò, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó rẹ́rìn-ín.