Ẹ̀TỌ́ ÒKÚ TÍ A KÒ KỌ ORÚKỌ RẸ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ènìyàn láti inú erùpẹ̀, tí ó sì ń dá a padà sínú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà ní ìyànjú láti bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ẹ̀tọ́ òkú àwọn tí àìsàn ọpọlọ bá jà títí ọlọ́jọ́ fi dé, tí a sì sin wọ́n láìkọ orúkọ wọn.

Ní ìlú Milledgeville, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ kan wà tí ìjọba ṣí ní ọdún 1842. A fojú bù ú pé nǹkan bí 25,000 aláìsàn ni wọ́n sin sí ilẹ̀ rẹ̀. Wọn kò kọ orúkọ sí sàréè wọn. Irin tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ni wọ́n rì mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, irin wọ̀nyí ń dí àwọn tó ń gé koríko lọ́wọ́, wọ́n sì fà wọ́n tu. Bí ọmọ bá wá bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀, kò mọ ibi tí yóò dúró sí. Ní ọdún 1997, àwọn ènìyàn dìde láti tún itẹ́ náà ṣe. Àwọn tí wọ́n ti ṣe àìsàn ọpọlọ rí fúnra wọn wà lára wọn. Wọ́n to nǹkan bí 2,000 irin náà sí ojú kan fún ìrántí.

Kí ni èyí fi kàn wá? Nínú Súrà Al-Isrá, àyà 70, Ọlọ́hun fi yé wa pé Òun ti ṣe àpọ́nlé fún àwọn ọmọ Ádámù. Kò yọ aláìsàn sílẹ̀. Ànábì wa dìde dúró nígbà tí wọ́n ń gbé òkú Yẹhúdì kan kọjá. Nígbà tí wọ́n sọ ẹni tí òkú náà jẹ́ fún un, ó bi wọ́n bóyá ẹ̀mí kọ́ ni. Bákan náà ni ó kọ́ wa pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ẹni tí a kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn ni àwa ń sin bí ẹlẹ́ṣẹ̀!

Ẹ rántí obìnrin tó máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì. Ó kú, wọ́n sin ín lóru, wọn kò ka ikú rẹ̀ sí ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún Ànábì. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Nígbà tí Uthman ọmọ Maz'un náà kú, òkúta ni Ànábì fi sí orí sàréè rẹ̀, kí ó lè máa dá a mọ̀.

Ẹ̀yin ará, inú ilé ni sàréè aláìlórúkọ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé itẹ́. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nítorí ìtìjú yìí ni a fi ń dárúkọ gbogbo ọmọ ilé fún àna, tí a sì ń fo ti aláìsàn. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, a kò padà lọ wò ó mọ́. Bí ó bá kú, ta ni wọn yóò pè?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa bẹ àwọn ènìyàn wa tó wà ní ilé ìwòsàn wò, kí a sì fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ níbẹ̀. Bí Mùsùlùmí bá kú láìní ẹbí, ọ̀ranyàn ni fún ìjọ láti wẹ̀ ẹ́, láti fi aṣọ dì í, láti kírun sí i lára àti láti sin ín; bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo wa ni a jẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kí a má ṣe jókòó lórí sàréè, kí a má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ilé lórí sàréè kọ́ ni a ń wí: òkúta kan tó, kí a sì kọ orúkọ òkú àti ọjọ́ ìsìnkú sínú ìwé mọ́sálásí.

Ìwọ Ọlọ́hun tí Ó mọ orúkọ gbogbo ẹrú Rẹ, fi orí jin àwọn òkú Mùsùlùmí, àwọn tí a mọ̀ àti àwọn tí a ti gbàgbé. Fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí O sì fún wa ní àánú sí wọn. Àmín.