Kápúsù Kì í Di Ọpọlọ

Obìnrin kan kọ̀wé láti Ìbàdàn nípa bàbá rẹ̀ tí àìsàn Parkinson ń bá fínra. Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n débi pé tíì ti ń dà sí i láyà kí ife tó kan ẹnu. Alájọgbé wọn kan wá gbé kápúsù dé, ó ní "sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀" ló wà nínú rẹ̀, yóò tún ọpọlọ ṣe. Ṣé kí wọ́n rà á?

Kí wọ́n má rà á. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́: ó lè di awọ, ó lè di ẹ̀jẹ̀, ó lè di ọpọlọ. Ohun abẹ̀mí ni, kò lè gbé inú kápúsù gbígbẹ. Ká tiẹ̀ ní ó wà láàyè, ikùn yóò lọ̀ ọ́ bí ẹran ọbẹ̀ ni.

Yàtọ̀ sí èyí, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kì í dédé di ọpọlọ. Nínú ara wa, purotéènì kan wà tí à ń pè ní káínéèsì. Oríṣi rẹ̀ lé ní 500. Bí akọ̀wé ọ́fíìsì ló rí: fọ́síféètì ni òǹtẹ̀ rẹ̀, purotéènì tó bá sì lù ú mọ́ yóò gbéra lọ síbi iṣẹ́. Káínéèsì kan ń gba iṣẹ́ tí BMP, purotéènì tó ń jíṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì, rán, òmíràn ń gba ti activin, ajíṣẹ́ bíi tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ṣì ń lu òǹtẹ̀ wọn, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kì í kọrí sí ọ̀nà ọpọlọ.

Ní 2009, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Lorenz Studer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering, New York, fi purotéènì Noggin dínà mọ́ BMP, wọ́n fi kẹ́míkà SB431542 di káínéèsì activin lọ́wọ́. Ó ju ìdá 80 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì náà tó yà sọ́nà ọpọlọ. Ní 2011, wọ́n tún dá káínéèsì GSK3 dúró lásìkò tó yẹ, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine, ohun tí Parkinson ń gbà lọ́wọ́ ọpọlọ.

Ní 2025, ìròyìn jáde nípa aláìsàn 12 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sínú ọpọlọ wọn. Oṣù 18 ni wọ́n fi ṣọ́ wọn, bóyá kò ní pa wọ́n lára. Sẹ́ẹ̀lì náà kò sì pa wọ́n lára. Àyẹ̀wò ṣì ń lọ. Ní báyìí, kí bàbá má fi levodopa tí dókítà kọ fún un sílẹ̀, kí ó sì béèrè bóyá ó lè máa lò ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, torí ẹran àti ẹ̀wà lè dí i lọ́wọ́ àtiwọ ara.

Ìbéèrè kejì náà kan ọpọlọ: ìyàwó ọ̀ṣìngín kan ní Òṣogbo ń béèrè ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ní kó lo folic acid nígbà tí kò tíì lóyún. Ohun tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọlẹ̀ máa ń ká bí ẹní, etí rẹ̀ méjèèjì á sì pàdé kí ọjọ́ 28 tó pé lẹ́yìn tí oyún dúró. Folic acid ló ń ràn án lọ́wọ́ láti pàdé dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé àwọn lóyún. Máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ ni, láti oṣù kan ṣáájú oyún títí di ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó bá ń lo oògùn wárápá, tàbí tó ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé rí, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí ìwọ̀n tirẹ̀ lè yàtọ̀.