Ọ̀yà Àkọ́kọ́: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́: Léfítíkù 19:13, Máàkù 7:9–13, Lúùkù 16:10–12

  Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ní ọdún yìí kan ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé púpọ̀ ní àkókò ìsinmi gígùn, àti lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde, nígbà tí ọmọ ń retí àyè ní yunifásítì. Ọmọ wá iṣẹ́ kan ṣe. Ní ìparí oṣù, wọ́n san owó fún un, ó sì mú un wálé. Ìbéèrè wa ni èyí: ta ni ó ni owó náà?

Ìbéèrè náà lè dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n a ti rí ilé tí ó dàrú nítorí rẹ̀. Baba ní òun ni òun bí ọmọ, òun ni òun sì ń san owó ilé-ìwé. Ìjọ ní ti Olúwa ni àkọ́so. Ọmọ ní òun ni òun làágùn. Ohun tí a gbàgbọ́ ni pé ọ̀yà àkọ́kọ́ kò lè kọ́ ọmọ ní ohunkóhun bí kò bá kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ ní pípé, kí òun fúnra rẹ̀ sì jíhìn lórí rẹ̀.

Bí ó ti rí ní ayé àwọn baba wa

Ní oko àwọn baba ńlá wa, ọmọ kì í gba ọ̀yà lọ́wọ́ baba rẹ̀. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, èrè oko sì jẹ́ ti baba. Ṣùgbọ́n baba kò gbà lásán. Òun ni ó ń bọ́ ọmọ, òun ni ó ń bá a fẹ́ ìyàwó. Nígbà tí ọmọ bá sì dàgbà tó, baba a bù fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ tí yóò máa lọ ro lẹ́yìn tí iṣẹ́ oko baba bá parí. Èrè ilẹ̀ kékeré yẹn, ti ọmọ ni. Níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ti ń gbìn, bí a ti ń tà, àti bí a ti ń ṣọ́ owó ná.

Ọ̀nà mìíràn wà, èyí tí í ṣe ìwọ̀fà. Baba tí ó yá owó lè fi ọmọ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ olówó, kí ọmọ náà máa ṣiṣẹ́ dípò èlé títí baba yóò fi rí owó san. Bí ó ti wù kí ọmọ ṣiṣẹ́ tó, iṣẹ́ rẹ̀ kì í dín gbèsè kù, nítorí pé èlé nìkan ni ó dúró fún. Ìwọ̀fà ti di ohun ìtàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òbí bá ń gba gbogbo owó ọmọ lóṣooṣù, tí kò bù fún un, tí kò sì sọ ohun tí ó fi ṣe, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni ó jọ.

Ohun tí ojú wa rí ní Àpápá

Ẹni tí ó sọ àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí ó ń wí. Èbúté Àpápá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1921, tí wọ́n sì ṣí ní 1926, ni ó fa ọ̀pọ̀ òbí wa wá láti ilẹ̀ Yorùbá, láti ilẹ̀ Ìgbò, àti láti agbègbè Niger Delta. Nigerian Ports Authority bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1955. Ilé-iṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí lọ ọkà ní Àpápá ní 1962. Nígbà tí ó fi di 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba rà láti òkèèrè ti pọ̀ ju èyí tí èbúté lè gbà lọ, títí ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 400 fi dúró lójú òkun tí wọ́n ń retí àyè.

Ní ìsinmi gígùn ọdún 1976, àwa mẹ́ta ọmọ kíláàsì kan náà rí iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Iṣẹ́ wa ni kí a máa ka àpò bí àwọn alábàárù ti ń gbé wọn kọjá, kí a sì máa kọ iye wọn sínú ìwé. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ láti Ajégúnlẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn bọ̀. Ní ọjọ́ tí a gba owó, owó ọjọ́ méjì ti dín nínú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Alábòójútó wa ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún ẹni tuntun. A kò kọ ọjọ́ tí a wá síṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà a kò ní ọ̀rọ̀ sọ. Odindi oṣù kan ni a fi ka àpò fún ẹlòmíràn, a kò sì ka ọjọ́ tiwa.

Síbẹ̀, ilé ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù. Ní ti àwa tí a ń kọ̀wé yìí, ìyá wa kò nawọ́ gba owó náà. Ó ní kí a kà á sórí tábìlì, ó sì béèrè ohun tí a fẹ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. A yọ ti ilé Ọlọ́run sọ́tọ̀. A fún ìyá wa ní díẹ̀ kí ó fi kún owó ọbẹ̀, ó sì gbà á pẹ̀lú àdúrà. A ra bàtà ilé-ìwé, a sì kó èyí tí ó kù fún alájọ. Nígbà tí bàtà náà bẹ̀rẹ̀ sí ya, àwa fúnra wa ni a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ aránbàtà. Ẹnikẹ́ni kò rán wa. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́.

Baba ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta gba gbogbo owó tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Owó ilé ni ó fi san. Ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ní ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ wa tún ṣiṣẹ́, ó sì sọ nílé pé wọn kò tíì sanwó. Owó tí ó fi pamọ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí baba gbọ́ òtítọ́, kò gba ọmọ náà gbọ́ mọ́ nínú ọ̀ràn owó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì wà títí baba fi kú.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ wí

Òfin Mósè kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fi ọ̀yà alágbàṣe sùn mọ́jú (Léfítíkù 19:13). Deuteronómì 24:15 ṣàlàyé ìdí rẹ̀: tálákà ni, ọkàn rẹ̀ sì wà lára owó náà. Lábánì pàápàá, tí kì í ṣe olóòótọ́, mọ̀ pé kò yẹ kí Jákọ́bù sìn òun lásán nítorí pé ìbátan ni wọ́n (Jẹ́nẹ́sísì 29:15). Ṣùgbọ́n ó yí ọ̀yà Jákọ́bù padà nígbà mẹ́wàá (31:7), Jákọ́bù sì sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bí a bá ń fi ọgbọ́n gba owó ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, a ń kọ́ ọ bí a ti ń sá lọ.

Olúwa wa tún fi kún un nínú Lúùkù 16 pé ẹni tí ó bá ṣe olóòótọ́ nínú ohun kékeré ni a ń fi ohun ńlá lé lọ́wọ́. Báwo ni a ó ti ṣe mọ olóòótọ́ nínú ọmọ tí a kò fi ohun kékeré kankan lé lọ́wọ́ rí? Ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù 15 gba ogún kí ó tó gba ọ̀yà. Nígbà tí yóò fi rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe, ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń bọ́, ebi sì ń pa á.

A ní láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan níhìn-ín. Nínú ìjọ kan tí a ti sìn rí, a kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n mú owó oṣù àkọ́kọ́ wọn wá ní odindi gẹ́gẹ́ bí àkọ́so. Ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama gbà wá gbọ́, ó sì mú tirẹ̀ wá nínú àpòòwé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá rẹ̀ wá bá wa. Kò bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi yá a ní owó ọkọ̀, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Ojú tì wá. A dá owó náà padà, a sì tún ka Deuteronómì 26:2, níbi tí a ti ní kí ènìyàn mú nínú àkọ́so rẹ̀ sínú agbọ̀n. Agbọ̀n kan ni a béèrè. Kì í ṣe gbogbo oko. Nínú Máàkù 7, Jésù bá àwọn tí ń fi ọrẹ Ọlọ́run bojú láti má ṣe tọ́jú òbí wọn wí. Ọrẹ tí kò jẹ́ kí ọmọ lè padà síbi iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí i.

Iṣẹ́ tí ń kọ́ ọmọ, àti iṣẹ́ tí ń jẹ ọmọ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́: a kò ní kí a lé àwọn ọmọ jáde lọ wá owó. Ọmọ tí ń kiri omi inú ọ̀rá láàárín àwọn tírélà àti ọkọ̀ epo ní ọ̀nà Àpápá, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó fi ń ṣòwò. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣiṣẹ́ kankan ju iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ lọ. Kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di òfin tirẹ̀ ní 2007, lòdì sí fífi ọmọ kiri ọjà ní òpópónà.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí a ń sọ ni ti ọmọ ọdún 15 sókè, ní àkókò ìsinmi, ní ọ̀sán, lábẹ́ ojú ẹni tí a mọ̀: ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, lọ́dọ̀ télọ̀, ní ilé ìtajà oògùn, tàbí ní ọ́fíìsì.

Ohun tí a lè ṣe

Èkíní, kí òbí lọ kí ọ̀gá náà kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi ẹnu kò lórí iye ọjọ́, wákàtí àti owó.

Èkejì, kí ọmọ ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tí ó ṣiṣẹ́ sí, kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa má ṣẹlẹ̀ sí i. Kí a sì kọ́ ọ kí ó ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Bí a bá bẹ ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹta, kí owó dé ọwọ́ rẹ̀, kí a sì jókòó tì í nígbà tí ó bá ń pín in. Bí ilé bá nílò nínú rẹ̀, kí a sọ òtítọ́ fún un, kí a sì fi ohun tí a rà hàn án. Kò sí ìtìjú nínú pé òbí béèrè lọ́wọ́ ọmọ. Gbígbà láìsọ ni ó ń ba ilé jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ́ bí a ti ń fi owó pamọ́. Bí ó bá ń dá ₦500 lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦15,000 ni. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan, yóò sì kó ₦14,500 fún un. Kí ọmọ ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀, kí ó sì fi í wé ti báńkì. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ní ọ́fíìsì tàbí ṣọ́ọ̀bù ní Àpápá, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Láti 2006 tí ìjọba ti fi àwọn ibùdó èbúté sí ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, iṣẹ́ kíka àpò tí àwa rí ṣe kò sí ní ojú títì mọ́. Kọ̀ǹténà àti kọ̀ǹpútà ti gbà á. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò lè rí ilẹ̀kùn wọlé bí a kò bá ṣí i fún wọn. Ẹ gba ọmọ méjì ní ìsinmi tí ń bọ̀. Ẹ san owó wọn pé ní ọjọ́ tí ẹ dá, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sí ìwé fún wọn.

Fún àṣàrò nínú ilé

1. Kí ni ẹ fi ọ̀yà àkọ́kọ́ yín ṣe? Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín.
2. Ǹjẹ́ ọmọ kan wà tí ẹ jẹ ní owó iṣẹ́, yálà nínú ilé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù?
3. Bí ọmọ yín bá mú owó wálé ní oṣù yìí, kí ni yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ?

Kí Olúwa, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Násárẹ́tì kí ó tó wàásù, bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.