Ilé Ìdáná Àwọn Síìkì

Ilé ìjọsìn kan wà ní ìlú Amritsar, ní ìpínlẹ̀ Punjab, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Wọ́n fi wúrà bo ara rẹ̀, ó ń kọ mànà lójú omi. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná rẹ̀ ni mo fẹ́ kí á wò. Tọ̀sán-tòru ni iná ń jó níbẹ̀. Lójúmọ́ kan, ó máa ń ju 50,000 ènìyàn lọ tó ń jẹun níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀. Langar ni wọ́n ń pe oúnjẹ ọ̀fẹ́ yìí.

Àwọn ẹlẹ́sìn Síìkì ló ni ilé náà. Guru Nanak, tí wọ́n bí ní ọdún 1469, ni olùkọ́ wọn àkọ́kọ́. Láyé ìgbà náà ní Íńdíà, ìdílé tí wọ́n bí ènìyàn sí ló ń sọ irú iṣẹ́ tí yóò ṣe àti ẹni tí yóò bá jẹun. Nanak kọ̀ ọ́. Ó kọ́ni pé Ọlọ́run kan ló dá gbogbo wa, tọkùnrin tobìnrin.

Ó ní kí ènìyàn máa rántí Ọlọ́run, kí ó máa jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa pín nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ti àárín yẹn ṣe pàtàkì lójú mi, torí àwọn kan rò pé olùfọkànsìn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́. Nanak fúnra rẹ̀ dáko ní ìlú Kartarpur lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Owó ìrẹ́jẹ kò sì ṣe é fi tọrẹ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Olùkọ́ kẹta, Guru Amar Das, sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá fẹ́ rí òun, kí ó kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ bá àwọn yòókù jẹun. Ìtàn wọn sọ pé Ọba Akbar, tó ń jọba ní Íńdíà nígbà náà, pàápàá jókòó bẹ́ẹ̀. Títí dòní, orí ẹní gbọọrọ kan náà ni dókítà àti alágbe ń jókòó sí. Wọn kì í fi ẹran sí oúnjẹ náà, kí ẹlẹ́sìn mìíràn lè jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù èèwọ̀.

Ta ló ń sè é? Ẹni tó bá ráyè ni. Olówó á wá fọ abọ́, ọ̀gá iléeṣẹ́ á wá tọ́jú bàtà àlejò. Mo gbà pé abọ́ fífọ̀ yìí ń kọ́ni ní ìrẹ̀lẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ.

Kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń pín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àrùn kòrónà gbóná ní Delhi àti agbègbè rẹ̀. Ilé ìwòsàn kún, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wọ́n bí ojú. Ilé ìjọsìn Síìkì kan ní Ghaziabad gbé àgbá ọ́síjìn síta gbangba. Inú ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé àwọn aláìsàn wá ni wọ́n ti ń fà á símú, lọ́fẹ̀ẹ́. Langar ọ́síjìn ni wọ́n pè é.