Wọ́n ti gé kókó náà. Kí ni oògùn ọdún márùn-ún wà fún?

ÌBÉÈRÈ

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ohun tí wọ́n kọ sínú èsì àyẹ̀wò ni "ER positive, PR positive, HER2 negative". Dókítà wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa lo tamoxifen lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún. Ara wọn ti yá báyìí, ooru tó ń mú wọn lóru ti sú wọn, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ jáwọ́. Ẹnìkan tún sọ fún wọn pé owó tí wọ́n máa ń fi sínú kọ́mú ló fa àìsàn náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ àwọn lẹ́tà yẹn? Ṣé dandan ni kí wọ́n lo oògùn náà tán?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín. Owó inú kọ́mú kì í fa jẹjẹrẹ rárá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọn ò ṣe ohun tí wọ́n máa fi dá ara wọn lẹ́bi.

Àwọn lẹ́tà yẹn ń sọ irú àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ń gbọ́. Sẹ́ẹ̀lì ọmú kì í ṣàdédé pín sí méjì. Àṣẹ ló ń dúró dè, ó sì ní ohun tó dà bí etí tó fi ń gbọ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Etí tó ń gbọ́ ti ẹ́sítírójìn, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, ni ER, inú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún ló sì wà. Bí ẹ́sítírójìn bá wọlé tó so mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á jí àwọn jíìnì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pín. Bí ọmú ọmọdébìnrin ṣe ń yọ nìyẹn. Àṣẹ yìí kan náà ni kókó ẹ̀gbọ́n yín fi ń dàgbà. PR ni etí tó ń gbọ́ ti purojẹ́sítírónì, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin mìíràn.

HER2 ní tirẹ̀ wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Ó máa ń ta àṣẹ látaré sí purotéènì kan tó ń jẹ́ PI3K, ìyẹn á fi lé AKT lọ́wọ́, AKT á sì sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó má kú. Nínú 100 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú, HER2 ti pọ̀jù lára bí 15 sí 20. Ti ẹ̀gbọ́n yín kò sí nínú wọn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fún wọn ní trastuzumab, oògùn tó ń gbógun ti HER2.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ṣe àyẹ̀wò. Láàárín wákàtí kan ló yẹ kí ẹran tí wọ́n gé ti wà nínú fọ́málìn. Wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á kùn ún, bí ER bá sì wà, àárín sẹ́ẹ̀lì á gba àwọ̀ búráùn. Ẹran tó ti pẹ́ nílẹ̀ lè má gba àwọ̀, wọ́n á sì kọ "negative" fún ẹni tí oògùn ìbá ràn lọ́wọ́. Jẹjẹrẹ tí kò ní ìkankan nínú ER, PR àti HER2 wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ju lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun lọ, nítorí náà ó yẹ kó dá wa lójú pé "negative" tí wọ́n kọ, òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí oògùn ẹ̀gbọ́n yín. Ní 1896, George Beatson, oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, ròyìn pé òun yọ ilé ẹyin obìnrin kan, níbi tí ẹ́sítírójìn ti ń wá, jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ sì súnkì. Lónìí, tamoxifen kì í jẹ́ kí a yọ nǹkan kan: ó máa ń gba àyè ẹ́sítírójìn lára ER. Kò yọ etí náà o, ó kàn dí i ni. Bí wọ́n bá jáwọ́, etí á tún là. Sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí ọ̀bẹ ò bá lè ti fara pamọ́ sínú egungun tàbí ẹ̀dọ̀, wọ́n sì lè jí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Lára àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ní ER, lílo oògùn yìí fún nǹkan bí ọdún márùn-ún ń dín ikú jẹjẹrẹ náà kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ọdún 15. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má dá a dúró.

Mo mọ̀ pé ooru òru yẹn kì í ṣe kékeré. Kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà, ohun tó lè rọ̀ ọ́ wà. Kí wọ́n sì dárúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí wọ́n ń lò, nítorí àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan, bíi paroxetine, ń dín agbára tamoxifen kù. Kí wọ́n má lóyún nígbà tí wọ́n ń lò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lójú ara wọn láìjẹ́ nǹkan oṣù, tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú tó sì ń ro wọ́n, kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.