Bí Ẹ̀rọ Gìtá Bá Ń Kùn

Ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá jáde a máa yọ àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kàdúná lẹ́nu, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́.

Bí ó bá ń kùn, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà gìtá kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, gìtá tàbí wáyà ni ó ní àrùn. Ẹ pààrọ̀ wáyà ná, nítorí òun ni a máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Bí kò bá dákẹ́, ẹ wo ẹ̀rọ àti iná tí ó ń lò. Bí ó bá ń ta pàrà nígbà tí a ń yí bọ́tìnì ohùn, eruku ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ pa iná, kí ẹ yí i lọ yí i bọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa já wáyà tí ń lọ sínú ilẹ̀ kúrò nínú pọ́lọ́ọ̀gì kí kíkùn náà lè dákẹ́. Lóòótọ́, ó lè dákẹ́! Wáyà yẹn gan-an ni ó ń gbé iná tí ó bá ṣìnà kúrò lára ènìyàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù May 1972, ní Swansea ní ilẹ̀ Wales, Les Harvey, ata-gìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan máìkì tí a kò so mọ́ ilẹ̀ dáadáa, ó sì kú. Iná tiwa níhìn-ín, bíi 230 fóòtì, kò rọjú ju tiwọn lọ.

Ẹ má sì tú inú ẹ̀rọ, bí ẹ tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Iná a máa ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ rédíò.