Ta Ni Yóò Dá Iye Lé Igi? Ìtàn Ẹgbẹ́ Àwọn Onígbó ní Gúúsù Swídìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yìí bá ìtàn Södra mu, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn onígbó ní gúúsù orílẹ̀-èdè Swídìn.

Ní ìhà ibẹ̀, àwọn ìdílé ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú igbó, kì í ṣe ìjọba. Igi wọn lè lò ju 60 ọdún lọ kí ó tó tó gé. Ẹni tí ó gbìn ín lè má bá a. Bí onígbó kan ṣoṣo bá wá gbé irú ọjà bẹ́ẹ̀ tọ oníṣòwò gẹdú lọ, iye tí oníṣòwò bá pè ni yóò gbà.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1938. Ẹ kíyè sí i: wọn kò da igbó wọn pọ̀. Olúkúlùkù ń jẹ́ olówó igbó tirẹ̀. Títà ni wọ́n pa pọ̀. Bí igbó ẹnì kan ti wù kí ó tóbi tó, ìbò kan ni ó ní.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta ìtì igi lásán ṣì wà lábẹ́ ẹni tí ń lò ó. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ ṣe kọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń se igi di ohun tí a fi ń ṣe bébà. Ti Mörrum bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, ti Värö ní 1972.

Àṣeyọrí yìí ní ewu tirẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọjà bàjẹ́, owó há, ìjọba sì ní láti wá ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ra ìpín náà padà.

Ìdánwò mìíràn dé ní oṣù kìíní 2005. Ìjì tí wọ́n pè ní Gudrun wó igi tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 kúbíìkì mítà. Wọ́n to ìtì igi jọ bí òkè, wọ́n ń wọ́n omi sí i kí ó má baà bàjẹ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ní igi tí yóò tà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó dá wà ni ìyà ń jẹ jù.

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, níní ohun kò tó. Ẹni tí ó ń dá iye lé e ni ọ̀gá. Èkejì, ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ilé ńlá gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ gbèsè rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ti lé ní 50,000 báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń gé igi tí bàbá wọn gbìn, tí wọ́n sì ń gbin èyí tí ọmọ wọn yóò gé.